Ẹni Tí Ó Di Àkókò Mú Ni Ó Di Owó Mú

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé ẹ̀kọ́ ìṣèlú, nípa ìlànà tí àwọn ilé aṣòfin fi ń jíròrò owó pàjáwìrì

 

Iṣẹ́ tí ẹ gbé lé mi lọ́wọ́ lónìí kò dùn létí bí orin ìpolongo ìbò. Ẹ ní kí n sọ bí àwọn ilé aṣòfin ti ń ṣe òfin fún ẹnu ara wọn nígbà tí ìjọba bá sáré tọ̀ wọ́n wá pé òun ń fẹ́ owó kíákíá. Ẹlòmíràn lè wí pé ọ̀rọ̀ àwọn akọ̀wé Ilé nìyí, kò kan ẹni tí ń ta ata tàbí ẹni tí ń wa ọkọ̀. Ṣùgbọ́n kí n tó jókòó, mo fẹ́ kí olúkúlùkù yín rí i pé ẹnu ọ̀nà yìí gan-an ni owó ìlú ń gbà jáde, àti pé ẹnu ọ̀nà yìí náà ni a ti lè ṣọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Ní ọjọ́ 31 Oṣù Kẹta ọdún 1953, Anthony Enahoro dìde ní Ilé Aṣòfin Nàìjíríà ní Èkó, ó sì gbé àbá kalẹ̀ pé kí orílẹ̀-èdè yìí gba ìjọba ara rẹ̀ ní 1956. Gbogbo wa ni a ti gbọ́ ìtàn náà. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò fiyè sí ni ọ̀nà tí a gbà dá àbá náà dúró. A kò ka ìbò lọ́jọ́ náà pé iye ènìyàn báyìí ni ó kọ òmìnira. Ẹnì kan ni ó dìde tí ó ní kí Ilé sún ìjíròrò síwájú. Àbá ìsúnsíwájú yẹn ni ó bọ́ síwájú àbá òmìnira, tí àwọn tí ń fẹ́ òmìnira fi bínú jáde kúrò nínú Ilé. A kò bá òmìnira jà lójúkojú. Àkókò ni a fi dí ọ̀nà mọ́ ọn.

Ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú rẹ̀ ni pé ìbò méjì ni a ń dì lórí ọ̀ràn ńlá kọ̀ọ̀kan ní ilé aṣòfin. Ìbò kìíní dá lórí bí a ó ti sọ̀rọ̀: wákàtí mélòó ni, ta ni yóò sọ̀rọ̀, ta ni a ó gbà láyè kí ó mú àtúnṣe wá. Ìbò kejì dá lórí ọ̀ràn náà fúnra rẹ̀. Ìbò kejì ni àwọn oníwèé ìròyìn ń ròyìn, òun ni a sì ń jiyàn lé lórí ní ọjà. Ṣùgbọ́n ìbò kìíní ni ìyá èkejì. Bí a ti lè fi àkókò dí ọ̀nà mọ́ ohun rere, bẹ́ẹ̀ náà ni a lè fi àkókò ti ohun tí kò dára wọlé, nípa sísáré títí ojú kò fi ní tó o.

Kí ni owó pàjáwìrì? Lọ́dọọdún ni ìjọba ń mú ìwé ètò ìnáwó wá síwájú àwọn aṣòfin, tí wọn ń yẹ̀ ẹ́ wò láti orí dé ìsàlẹ̀. Ṣùgbọ́n omíyalé kì í wo ìwé ètò kí ó tó dé, ogun kì í dúró de ọdún tuntun, àjàkálẹ̀ àrùn kì í sì í gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin tí ẹ ń dá èsúsú mọ ohun tí mo ń wí. Bí ilé ọmọ ẹgbẹ́ kan bá jó lóru, olùtọ́jú owó kò ní sọ fún un pé ó di ìpàdé oṣù tí ń bọ̀. Yóò ṣí àpótí, yóò fún un lówó. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìpàdé bá pé, yóò dìde dúró, yóò sọ iye tí ó mú, ẹni tí ó fún, àti ẹni tí ó ṣe ẹlẹ́rìí. Olùtọ́jú owó tí ó bá mọ apá kìíní ṣe tí kò mọ apá kejì, a kì í tún fi kọ́kọ́rọ́ sí i lọ́wọ́ mọ́. Gbogbo ọgbọ́n tí àwọn ilé aṣòfin ayé ń dá lórí ọ̀ràn yìí kò ju ọgbọ́n èsúsú lọ: bí a ó ti ṣí àpótí kíákíá láìsọ kọ́kọ́rọ́ nù.

Ilé aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni kí a kọ́kọ́ wò, nítorí láti ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú ìlànà àwọn aṣòfin wa ti ṣẹ̀ wá. Nígbà kan rí, kò sí ìlànà níbẹ̀ tí ó lè pa aṣòfin tí ó ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu mọ́. Àwọn aṣojú Ireland, tí Parnell jẹ́ olórí fún, tí wọ́n ń jà fún ìjọba ara wọn, lo àǹfààní yìí dáadáa. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú, títí ilẹ̀ fi ń mọ́. Ní 1881, lórí òfin líle kan tí ìjọba fẹ́ ṣe fún Ireland, Ilé jókòó láti ọjọ́ Ajé, 31 Oṣù Kìíní, títí di òwúrọ̀ Ọjọ́rú, 2 Oṣù Kejì: wákàtí 41 àti ààbọ̀ láìdìde. Níkẹyìn, Henry Brand tí ó jẹ́ Olórí Ilé fi àṣẹ ara rẹ̀ pa ọ̀rọ̀ dé, ó sì ní kí wọ́n dìbò. Ní 1887, lórí òfin mìíràn nípa Ireland kan náà, wọ́n dá ọjọ́ àti wákàtí: bí ó bá ti pé, ohun yòówù tí ó ṣẹ́kù nínú àbá náà, kí a dìbò lé e láìsọ̀rọ̀ mọ́. Orúkọ ẹ̀rọ tí àwọn Faransé fi ń bẹ́ ènìyàn lórí ni wọ́n fi pe ìlànà yìí. Ẹ fi èyí sọ́kàn, ẹ̀yin ará mi. Ọ̀bẹ tí a fi ń gé ọ̀rọ̀ ní àwọn ilé aṣòfin tí ó tẹ̀lé ìlànà Gẹ̀ẹ́sì, ara àwọn tí ń jà fún ilẹ̀ wọn ni a ti kọ́kọ́ dán an wò.

Ní ti owó, ọ̀nà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì yàn ni pé a ní ọjọ́ tí a ń jíròrò ìnáwó, ṣùgbọ́n nígbà tí òfin tí ń ṣí àpò ìjọba bá dé iwájú Ilé, kí a dìbò lé e lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ láìsí ìjíròrò. Fún ohun àìròtẹ́lẹ̀, wọ́n ya àpò kan sọ́tọ̀ tí ìjọba lè kọ́kọ́ mú owó nínú rẹ̀, kí ó sì dá a padà nígbà tí Ilé bá fọwọ́ sí ìnáwó náà. Òfin fi ààlà sí i: àpò náà kò gbọdọ̀ ju ìpín 2 nínú 100 lọ nínú owó tí Ilé fọwọ́ sí ní ọdún tí ó ṣáájú. Nígbà tí àrùn kòrónà dé ní 2020, ìjọba ní kí ààlà náà di ìpín 50 nínú 100. Ní ọjọ́ kan ṣoṣo, 24 Oṣù Kẹta, àwọn aṣojú parí gbogbo ìpele àbá náà. Ní ọjọ́ kejì ó ti di òfin. Ìdajì owó ọdún kan, ní òòrùn kan! Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sínú rẹ̀: ọdún ìnáwó kan ṣoṣo ni àyè náà wà fún, èyí tí yóò parí ní 31 Oṣù Kẹta 2021. Wọ́n tú okùn gùn, ṣùgbọ́n wọn kò jọ̀wọ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọjá sí Amẹ́ríkà, nítorí pé níbẹ̀ ni a ti ń rí ìbò kìíní tí mo sọ lójú gbangba. Aṣojú 435 ni ó wà ní Ilé Aṣojú-ṣòfin wọn; bí olúkúlùkù bá sọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré, ọjọ́ mẹ́ta yóò kọjá lọ́sàn-án lóru. Nítorí náà wọ́n ní Ìgbìmọ̀ Ìlànà. Kí àbá ńlá tó dé iwájú Ilé, ìgbìmọ̀ yìí yóò kọ ìwé kan: wákàtí tí a ó fi sọ̀rọ̀, àtúnṣe tí a ó gbà àti èyí tí a kò ní gbà, àti èwo nínú òfin Ilé ni a ó ká kò fún ọjọ́ náà. Ilé yóò jíròrò ìwé ìlànà yìí, yóò sì dìbò lé e lórí. Bí ìwé náà bá ní kò sí àtúnṣe, èrò tí ó dára jù lọ nínú Ilé yóò kú sínú àpò ẹni tí ó rò ó. Nígbà kan rí, Olórí Ilé fúnra rẹ̀ ni alága ìgbìmọ̀ yìí. Joseph Cannon fi í jọba lórí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ títí di Oṣù Kẹta 1910, nígbà tí George Norris kó àwọn aṣojú jọ tí wọ́n sì yọ Olórí Ilé kúrò nínú ìgbìmọ̀ náà. Síbẹ̀ ó ti pẹ́ tí ìjókòó rẹ̀ ti jẹ́ 9 fún ẹgbẹ́ tí ó pọ̀ jù, 4 fún alátakò, bí iye wọn nínú Ilé tilẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba.

Mo fẹ́ fi àpẹẹrẹ mẹ́ta láti ibẹ̀ hàn yín.

Èkíní ni ti 2008, nígbà tí àwọn báńkì wọn ń wó. Ní 20 Oṣù Kẹsàn-án, ìjọba fi ìwé olójú mẹ́ta ránṣẹ́ sí àwọn aṣòfin, ó ń béèrè bílíọ̀nù 700 dọ́là. Nínú ìwé náà ni ó ti wí pé kí ilé ẹjọ́ kankan má ṣe yẹ ohun tí mínísítà ìṣúnná bá fi owó náà ṣe wò. Ẹ ronú sí i: owó tó bẹ́ẹ̀, ojú ìwé mẹ́ta, kò sì sí ẹni tí yóò béèrè! Àwọn aṣòfin kọ̀. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ wọ́n fi alábòójútó sí i, wọ́n sì pín owó náà: bílíọ̀nù 250 lákọ̀ọ́kọ́, 100 tẹ̀lé e, wọ́n sì di agbára mú láti dá 350 tí ó kù dúró. Pẹ̀lú gbogbo èyí, nígbà tí àbá náà dé Ilé ní 29 Oṣù Kẹsàn-án, aṣojú 228 kọ̀ ọ́, 205 gbà á. Ní 3 Oṣù Kẹwàá, lẹ́yìn àfikún mìíràn, 263 gbà á, 171 kọ̀ ọ́. N kò ní pa irọ́ fún yín pé ìdádúró náà kò ní iye: ọjà ìpín-ìdókòwò ṣubú púpọ̀ lọ́jọ́ tí Ilé kọ̀. Ṣùgbọ́n ìwé tí ó wọlé láìní alábòójútó jáde pẹ̀lú alábòójútó. Ìṣẹ́ ọjọ́ mẹ́tàlá ni èyí, kì í ṣe ti ọdún mẹ́tàlá.

Èkejì ni ti 2020. Fún àrùn kòrónà, Ilé Aṣòfin Àgbà wọn fọwọ́ sí owó tí ó ju tírílíọ̀nù 2 dọ́là lọ, ìbò 96 sí òdo. Nígbà tí ó dé Ilé Aṣojú ní 27 Oṣù Kẹta, ohùn ni wọ́n fi dìbò: àwọn tí ó gbà pariwo, àwọn tí kò gbà pariwo, Olórí sì wí pé àwọn tí ó gbà ni ó borí. Aṣojú kan láti Kentucky, Thomas Massie, ní kí a kọ orúkọ olúkúlùkù sílẹ̀. Àwọn tí ó tì í lẹ́yìn kò tó iye tí ìlànà béèrè. Kí ni ó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ? Títí di òní, kò sí ìwé tí ọmọ Amẹ́ríkà lè ṣí láti mọ bí aṣojú tirẹ̀ ti dìbò lórí owó náà. Ó lè jẹ́ pé owó náà tọ́, ó sì lè jẹ́ pé ó yẹ ní yíyára. Ṣùgbọ́n kíkọ orúkọ kò lè pa ẹnikẹ́ni lára.

Ẹ̀kẹta ni ti 2024. Ní 13 Oṣù Kejì, Ilé Aṣòfin Àgbà wọn fi ìbò 70 sí 29 fọwọ́ sí nǹkan bí bílíọ̀nù 95 dọ́là, tí púpọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ fún Ukraine, Ísírẹ́lì àti Taiwan. Oṣù méjì kọjá tí Ilé Aṣojú kò fọwọ́ kàn án, nítorí pé ọwọ́ Olórí Ilé, Mike Johnson, ni kọ́kọ́rọ́ àkókò wà, ẹgbẹ́ rẹ̀ sì pín sí méjì. Ní Oṣù Kẹrin, ó pín ọ̀ràn náà sí àbá mẹ́rin. Ó tẹ̀ wọ́n jáde ní ọjọ́ 17, a sì dìbò ní ọjọ́ 20, nítorí òfin Ilé náà wí pé kí àbá wà níta fún wákàtí 72 kí a tó dìbò lé e. Nínú Ìgbìmọ̀ Ìlànà, mẹ́ta nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Olórí Ilé kọ̀ ìwé ìlànà náà. Àwọn alátakò ni ó gbé e ró, 9 sí 3. Ní ọjọ́ 19, gbogbo Ilé gbà á pẹ̀lú ìbò 316 sí 94. Nínú 316 yẹn, alátakò 165, ọmọ ẹgbẹ́ Olórí Ilé 151. Ní ilẹ̀ tí alátakò kì í fẹ́ dìbò fún ìwé ìlànà rárá, ohun ńlá ni èyí. Lọ́jọ́ kejì, ti Ukraine gba 311 sí 112, ti Ísírẹ́lì gba 366 sí 58. Aṣojú lè sọ bẹ́ẹ̀ ni fún ọ̀kan, kí ó sọ bẹ́ẹ̀ kọ́ fún èkejì, kí orúkọ rẹ̀ sì wà lábẹ́ méjèèjì. Ṣùgbọ́n ìwé ìlànà kan náà ti pàṣẹ pé bí a bá ti parí, kí a tún so mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ di ẹyọ kan kí a tó fi ránṣẹ́ sí Ilé Àgbà. Ìwé ìlànà ni ó tú u, ìwé ìlànà ni ó sì dì í. Ohun tí ẹ rò nípa àwọn ogun wọ̀nyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ mi lónìí. Ọ̀rọ̀ mi ni pé ìjà gidi parí ní ọjọ́ 19. Ọjọ́ 20 jẹ́ ọjọ́ ìkàyé.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ilé wàyí. Òfin ìpìlẹ̀ ilẹ̀ wa ti 1999 kò fi ọ̀ràn yìí sílẹ̀ láìsọ. Abala 80 wí pé a kò gbọdọ̀ mú owó jáde nínú àpò gbogbogbòò ìjọba àpapọ̀ láìsí àṣẹ òfin. Abala 81 fi àyè sílẹ̀ fún àfikún ètò ìnáwó bí owó tí a kọ́kọ́ là sílẹ̀ kò bá tó. Abala 83 wí pé àwọn aṣòfin lè dá àpò owó àìròtẹ́lẹ̀ sílẹ̀, kí Ààrẹ lè mú nínú rẹ̀ fún ohun tí ó jẹ́ kánjúkánjú tí a kò sì rò tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n kété tí ó bá ti mú un, kí ó mú àfikún ètò wá síwájú wọn láti fi dí ihò náà. Ẹ ò rí i pé ọgbọ́n èsúsú ni: ṣí i, kí o sì wá jíhìn. Ohun tí òfin ìpìlẹ̀ kò kọ sílẹ̀ ni iye ọjọ́ tí ìwé yóò fi wà lọ́wọ́ aṣòfin kí ó tó dìbò. Ó fi èyí sílẹ̀ fún àwọn aṣòfin láti ṣe ìlànà ara wọn, wọ́n sì lè fi ìbò ká ìlànà náà kò nígbàkúùgbà.

Ní ọjọ́ 31 Oṣù Kẹwàá 2023, a ka lẹ́tà Ààrẹ sí etí àwọn aṣòfin ní Àbújá, tí ó ń béèrè àfikún tírílíọ̀nù 2.17 náírà. Ní 2 Oṣù Kọkànlá, Ilé méjèèjì ti fọwọ́ sí i. Ọ̀pọ̀ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ni ènìyàn lè gbèjà: owó ààbò, àfikún owó oṣù òṣìṣẹ́, ọ̀nà tí ó bàjẹ́. Ṣùgbọ́n láàárín ìlà wọ̀nyẹn, ìlà kan wà fún ọkọ̀ ojú omi Ààrẹ, bílíọ̀nù 5 náírà. Àwọn tí ń ka ìwé ìròyìn rí i, ariwo sì ta. Àwọn ọmọ ogun ojú omi ṣàlàyé tiwọn pé ọkọ̀ iṣẹ́ ni. Ilé Aṣojú-ṣòfin kéde pé òun yọ owó náà kúrò, òun sì gbé owó tí a yà sọ́tọ̀ fún ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ láti bílíọ̀nù 5 sí bílíọ̀nù 10.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe gbọ́ ìtàn yìí bí ìtàn ẹ̀gàn nìkan. Ìtàn ìrètí ni pẹ̀lú. Ọjọ́ díẹ̀ péré ni ó wà, síbẹ̀ nítorí pé ìwé náà bọ́ sí ojú ayé, ìlà kan yípadà, owó ọkọ̀ sì di owó ìwé. Bí ọjọ́ díẹ̀ bá lè ṣe èyí, kí ni ọjọ́ méje ì bá ṣe? Àwọn ìlà mìíràn wo ni kò sí ẹni tí ó ráyè kà?

Ẹnì kan yóò bi mí pé, “Bàbá, bí iná bá ń jó orùlé, ṣé àríyànjiyàn ni a ó máa ṣe?” Rárá o. Bí iná bá ń jó, omi ni a ń bù. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń bu omi kò gbọdọ̀ bínú bí a bá wo inú garawa rẹ̀, nítorí pé nígbà ìdàrúdàpọ̀ ni olè máa ń dara pọ̀ mọ́ àwọn tí ń kó ẹrù jáde. Èmi kò lòdì sí yíyára. Ohun mẹ́ta ni mo wí pé kí yíyára má ṣe mú kúrò.

Èkíní, ìwé. Kí àbá wà lọ́wọ́ aṣòfin àti lójú ará ìlú fún ọjọ́ mẹ́ta, ó kéré tán. Bí Ilé kan bá lè dúró fún wákàtí 72 nígbà tí ogun ń jà, a lè dúró bẹ́ẹ̀ fún ọ̀ràn ọkọ̀ àti afárá.

Èkejì, orúkọ. Kí a kọ orúkọ aṣòfin kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, kì í ṣe lórí owó náà nìkan, bí kò ṣe lórí ìbò tí a fi ká ìlànà kò pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá gbà kí a sáré, kí ó fi orúkọ rẹ̀ sáré.

Ẹ̀kẹta, òpin àti ìjíhìn. Kí gbogbo owó pàjáwìrì ní ọjọ́ tí àyè rẹ̀ yóò parí, àti ọjọ́ tí a ó dìde sọ bí a ti ná an. Owó tí kò ní ọjọ́ ìjíhìn kì í ṣe owó pàjáwìrì mọ́. Owó ẹni tí ó mú un ni.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, ẹ lè ṣe èyí láìsí agbára kankan. Bí aṣojú yín bá wá sílé nígbà ìsinmi Ilé, ẹ kí i tẹ̀yẹtẹ̀yẹ, ẹ fún un ní ìjókòó, ẹ fún un ní omi. Lẹ́yìn náà, ẹ má ṣe bi í pé, “Ṣé o dìbò fún owó náà?” Ẹ bi í pé, “Nígbà tí wọ́n ní kí a ká ìlànà kò, kí ni o wí? Ìwé náà ńkọ́, ọjọ́ mélòó ni ó fi wà lọ́wọ́ rẹ? O kà á tán?” Kí ẹ béèrè bẹ́ẹ̀ fún aṣojú tí ó wá láti inú ẹgbẹ́ tiwa ṣáájú ti ẹgbẹ́ mìíràn, nítorí ẹni tí ó bá fẹ́ ṣọ́ ilé aládùúgbò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ti ilẹ̀kùn ara rẹ̀.

Àwọn tí ó dìde jáde ní 1953 mọ̀ pé ẹni tí ó di àkókò mú ti di ohun gbogbo mú. Àkókò náà ti wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ wa fúnra wọn báyìí. Tiwa ni kí a máa bi wọ́n bí wọ́n ti ń lò ó.